Franz Jägerstätter: Àgbẹ̀ tí ó pa ìlérí ìrìbọmi rẹ̀ mọ́

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi,

Ìjọ Mímọ́ sábà máa ń ṣe ìrántí àwọn ẹni mímọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kú, nítorí pé ọjọ́ náà ni a bí wọn sí ìyè ti ọ̀run. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí a kì í ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ ìrántí tirẹ̀, èyí tí í ṣe ọjọ́ tí a ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1907. Orúkọ rẹ̀ ni Franz Jägerstätter. Àgbẹ̀ ni, ó ní aya, ó ní ọmọ. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1943, nítorí pé ó kọ̀ láti bá Hitler jagun.

A fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó dé ibi omi ìrìbọmi. Níbẹ̀ ni a ó ti bi yín bóyá ẹ kọ Sátánì sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ìdáhùn náà, kò sì ṣòro láti fi ẹnu sọ nínú ìjọ, níbi tí orin ti ń dún tí àwọn ẹbí sì pé jọ. Ẹ wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yìí nígbà tí orin ti dákẹ́.

Ìbí rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀

Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1907 ni a bí Franz ní Sankt Radegund, abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Ọ́síríà, lẹ́bàá ààlà Jámánì. Abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Linz ni abúlé náà wà. Ìránṣẹ́bìnrin ní oko olóko ni ìyá rẹ̀, Rosalia Huber. Alágbàṣe ni baba rẹ̀, Franz Bachmeier. Òṣì kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè ṣe ìgbéyàwó. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ. Ní ọdún 1915, Ogun Àgbáyé Kìíní pa baba rẹ̀. Ní ọdún 1917, ìyá rẹ̀ fẹ́ àgbẹ̀ kan tí ó ní ilẹ̀ àti ilé, Heinrich Jägerstätter. Ọkùnrin rere yìí gba ọmọ náà ṣe ọmọ, ó sì fún un ní orúkọ rẹ̀. Nínú ilé náà ni Franz ti kọ́ láti fẹ́ràn ìwé kíkà.

Ẹ má ṣe rò pé láti inú oyún ni ó ti jẹ́ ẹni mímọ́. Láti ọdún 1927 sí 1930, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń wa irin ní Eisenerz. Níbẹ̀ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó padà sí abúlé, alùpùpù ni ó gùn wọlé, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní irú rẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ràn fàájì gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1933, obìnrin kan bí ọmọbìnrin kan fún un láìṣe ìgbéyàwó. Kò sẹ́ ọmọ náà, kò sì já a sílẹ̀.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé àwọn kan wà láàárín yín tí ìgbà àtijọ́ wọn ń dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá irú àwọn lè di ọmọ Ọlọ́run. Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ọlọ́run kò wá ẹni tí kò ní àbàwọ́n rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gba Franz bí ó ti wà, ó sì tún un ṣe.

Ìgbéyàwó rẹ̀

Ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1936, Franz fẹ́ Franziska Schwaninger, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn àdúrà. Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà, wọn kò ṣe àsè ńlá. Ìrìn àjò mímọ́ lọ sí Róòmù ni wọ́n ṣe. Láti ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ Franz ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòǹgbò. Wọ́n jọ ń ka Bíbélì, wọ́n jọ ń gbàdúrà, ó sì di ẹni tí ń gba Ara Olúwa lójoojúmọ́. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọbìnrin mẹ́ta láàárín ọdún 1937 sí 1940. Ìfẹ́ àárín tọkọtaya náà jinlẹ̀, àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ara wọn sì jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú ilé ìjọsìn abúlé náà, tí ó ń pèsè pẹpẹ sílẹ̀ tí ó sì ń ran àlùfáà lọ́wọ́ ní Mísà.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ọkùnrin tí ó kọ̀ láti jagun yìí kì í ṣe ẹni tí ayé sú. Ó ní ohun tí ó lè pàdánù.

Ìbò kan ṣoṣo

Ní oṣù kìíní ọdún 1938, Franz lá àlá kan. Ó rí ọkọ̀ ojú irin kan tí ó lẹ́wà, tí ń yí òkè ká. Tọmọdé tàgbà ń sáré láti wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn dúró. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ohùn tí ó sọ fún un pé ọ̀run àpáàdì ni ọkọ̀ náà ń lọ. Nígbà tí ó ronú sí i, ó gbà pé ẹgbẹ́ Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, ni ọkọ̀ náà, tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ nítorí pé ó dára lójú.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Ọ́síríà, wọ́n sì sọ ọ́ di apá kan ilẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn dìbò láti fi hàn pé àwọn fara mọ́ ọn. Ní Sankt Radegund, Franz nìkan ni ó dìbò pé òun kò fara mọ́ ọn. Àwọn tí ń ka ìbò fi tirẹ̀ pamọ́, wọ́n sì kéde pé gbogbo abúlé gbà láìku ẹnì kan. Òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké.

Wọ́n fẹ́ fi í jẹ olórí abúlé, ó kọ̀. Ìjọba náà ń fún àwọn òbí ní owó nítorí ọmọ, òun kò gbà á. Kì í ṣe pé ó lówó lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ nínú àwo wọn yóò ṣòro fún un láti kọ iṣẹ́ wọn.

Ohun tí ó rí

Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, wọ́n pè é sí iṣẹ́ ológun ní Braunau, ìlú tí wọ́n ti bí Hitler gan-an. Olórí abúlé bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n sì jẹ́ kí ó padà sí oko rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n tún pè é, wọ́n sì kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Láàárín àkókò náà, ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1940, ó wọ Ẹgbẹ́ Kẹta ti Fransis Mímọ́, èyí tí ó wà fún àwọn ọmọ ìjọ tí ń gbé nínú ayé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1941, ó padà sílé.

Franz ti rí ohun púpọ̀ nígbà náà. Wọ́n ti mú àlùfáà abúlé rẹ̀ ní ọdún 1940 nítorí ìwàásù rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò níbẹ̀. Ó tún gbọ́ pé ìjọba ń pa àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé. Ní ààfin Hartheim, tí kò jìnnà sí Linz, ó ju 18,000 irú àwọn aláìlera bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n fi èéfín olóró pa láàárín ọdún 1940 àti 1941. Ó sì rí i tí wọ́n gbógun ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún 1941, ó sì gbà pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà. Ó pinnu pé bí wọ́n bá tún pe òun, òun kò ní jà.

Ó wá ìmọ̀ràn

Kì í ṣe orí kunkun ni ó fi pinnu. Ó gbàdúrà, ó gbààwẹ̀, ó ka Ìwé Mímọ́ àti ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú, ó bi àwọn àlùfáà léèrè. Ó lọ bá bíṣọ́ọ̀bù Linz, Joseph Calasanz Fließer, ó sì gbé ìbéèrè rẹ̀ síwájú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù rán an létí ojúṣe rẹ̀ sí aya àti ọmọ, ó sì sọ fún un pé kì í ṣe gbáàtúù ni yóò jíhìn fún ogun tí ìjọba dá sílẹ̀. Franz jáde pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó rò pé ẹ̀rù ni ó ń ba bíṣọ́ọ̀bù, nítorí àmí pọ̀ káàkiri ní ìgbà náà.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìbátan rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Franziska náà kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ro ikú tí ó wà níwájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé gbogbo ènìyàn ti dojú kọ ọkọ òun, ó pinnu láti dúró tì í, kí ó má bàa di ẹni tí kò ní ẹnì kankan.

Ẹ lè béèrè pé: ṣé kò yẹ kí ọmọ ìjọ gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu ni? Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti kọ́ ọ nínú òfin kẹrin. Ṣùgbọ́n ẹ ti kọ́ pẹ̀lú pé ìgbọràn náà ní ààlà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Jerúsálẹ́mù pa á láṣẹ fún àwọn Àpọ́sítélì pé kí wọ́n má ṣe wàásù mọ́, wọ́n dáhùn pé Ọlọ́run ni àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ràn sí. Katikísìmù Ìjọ náà kọ́ wa pé bí àṣẹ ìjọba bá lòdì sí òfin Ọlọ́run, ẹ̀rí ọkàn kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Ní ilẹ̀ tiwa yìí pàápàá, àwọn bàbá ńlá wa mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ìjọba wá kó ọ̀dọ́kùnrin lọ sógun. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí àwọn aláṣẹ Faransé ń fi ipá mú sójà ní Dahomey, ọ̀pọ̀ ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà. Franz náà ronú àtisá pamọ́ sínú igbó. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sá, ìyà yóò jẹ aya àti ọmọ òun. Nítorí náà, kò sá. Ó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀wọ̀n àti ìdájọ́

Ìwé ìpè tún dé ní oṣù kejì ọdún 1943. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, Franz dé ibùdó àwọn ológun ní Enns. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún wọn pé òun kò ní gbé ohun ìjà nítorí Hitler. Wọ́n mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n àwọn ológun ní Linz, inú ilé kan tí ó ti jẹ́ ti àwọn sístà Ursuline tẹ́lẹ̀ rí. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Tegel ní ìlú Berlin.

Franz kò kọ̀ láti ran ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ pé òun ṣe tán láti máa tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, nítorí pé ìfẹ́ ọmọnìkejì ni èyí. Wọn kò gbà. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1943, ilé ẹjọ́ gíga àwọn ológun ní Berlin dá ẹjọ́ ikú fún un.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó kọ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kú nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá jù lọ àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Ṣùgbọ́n Franz kò tíì gbọ́ nípa ọmọ Ìjọ Kátólíìkì kankan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, èyí sì ń dà á láàmú. Nígbà náà ni àlùfáà ẹ̀wọ̀n, Heinrich Kreutzberg, sọ fún un nípa àlùfáà kan láti Ọ́síríà, Franz Reinisch, tí ó kọ̀ láti búra fún Hitler, tí wọ́n sì pa ní oṣù kẹjọ ọdún 1942. Ìròyìn yìí tu ọkàn Franz lára gidigidi.

Ní oṣù keje, wọ́n jẹ́ kí Franziska wá rí i, òun àti àlùfáà abúlé wọn. Wọ́n retí pé yóò yí i lọ́kàn padà. Ìpàdé náà kò pẹ́ rárá, òun sì ni ìgbẹ̀yìn. Franz tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aya rẹ̀ fún ìyà tí yóò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò yí ìpinnu rẹ̀ padà. Nínú ìwé tí ó fi ọwọ́ tí a dè kọ, ó fi hàn pé ó sàn kí a de ọwọ́ ẹni ju kí a de ìfẹ́ inú ẹni lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1943, wọ́n mú un lọ sí ìlú Brandenburg. Ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, wọ́n fi ẹ̀rọ ìbẹ́rí pa á. Ọmọ ọdún 36 ni. Ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù lọ jẹ́ ọmọ ọdún 3. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àlùfáà tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní wákàtí ìkẹyìn, Albert Jochmann, sọ fún àwọn sístà kan láti Ọ́síríà pé nínú gbogbo ayé òun, ẹni mímọ́ kan ṣoṣo ni òun ti fojú rí, ọkùnrin yìí sì ni.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Àwọn sístà náà tọ́jú eérú rẹ̀. Ní ọdún 1946, a gbé e padà sí Sankt Radegund, a sì sin ín lẹ́bàá ògiri ilé ìjọsìn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará abúlé kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ó já ìdílé rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn di ẹ̀bi náà ru Franziska. Títí di ọdún 1950, ìjọba kò fún un ní owó tí a ń fún àwọn opó ogun. Ó ń ro oko, ó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, ó sì ń tọ́jú ilé ìjọsìn ní ipò ọkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1964, ọ̀mọ̀wé kan láti Amẹ́ríkà, Gordon Zahn, tí òun náà ti kọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun náà, tẹ ìwé kan jáde nípa Franz. Archbishop Thomas Roberts mú ìtàn náà wá síwájú Àpéjọ Vatican Kejì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1965, Àpéjọ náà kọ́ni pé ó yẹ kí òfin ìlú ro ti àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ohun ìjà, bí wọ́n bá gbà láti sin ìlú ní ọ̀nà mìíràn. Ohun tí Franz bẹ̀bẹ̀ fún ní ọdún 1943 gan-an nìyẹn.

Ní ọdún 1997, ilé ẹjọ́ kan ní Berlin fagi lé ẹjọ́ tí a dá fún un. Ní ọdún 2007, Pápà Benedict Kẹrìndínlógún fọwọ́ sí i pé ajẹ́rìíkú ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà, nínú kàtídírà ìlú Linz, ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ tì í mọ́lé, Ìjọ kà á mọ́ àwọn Alábùkún-fún. Franziska wà níbẹ̀, ẹni ọdún 94. Ó kú ní ọdún 2013, lẹ́yìn tí ó pé 100 ọdún.

Ohun tí a rí kọ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́ta lọ́wọ́.

Èkíní: ẹ̀rí ọkàn kì í ṣe ohun tí ó wù wá. Franz tọ́ ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, Ìwé Mímọ́, sàkáráméǹtì àti ìmọ̀ràn, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń tọ́jú oko. Ẹni tí kò bá tọ́jú tirẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi í ṣe àwáwí.

Èkejì: kò dá àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n lọ sógun lẹ́bi. Ó fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìjọ pẹ̀lú kò sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo sójà. Ẹni tí ó fi òtítọ́ sin ìlú rẹ̀ láti dáàbò bò ó ń ṣiṣẹ́ fún àlàáfíà. Ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ ọ̀gá tí ó lè sọ ibi di rere.

Ẹ̀kẹta: èyí ni ó kan yín jù. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kankan má fi idà halẹ̀ mọ́ yín láé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ yín yóò fẹ́ jẹ owó èrú, tí wọn yóò sì ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ ń bọ̀ tí agboolé yóò kó ara wọn jọ lé opó kan lórí láti gba ilẹ̀ rẹ̀, tí wọn yóò sì retí pé kí ẹ dákẹ́. Ní ọjọ́ náà ni a ó tún bi yín ní ìbéèrè ìrìbọmi, kì yóò sì sí àlùfáà tàbí orin níbẹ̀. Ẹ rántí àgbẹ̀ Sankt Radegund nígbà náà. Ọjọ́ tí ó di ọmọ Ọlọ́run ni Ìjọ fi ń rántí rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ ikú rẹ̀ ti wà nínú omi ọjọ́ náà.

Ìbéèrè fún ìrònú

1. Kí ni Franz ṣe kí ó tó pinnu? Èwo nínú wọn ni èmi kì í ṣe?
2. Nínú ilé, ní ọjà tàbí níbi iṣẹ́ mi, kí ni ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sáré wọ̀?
3. Ta ni ó ń jìyà nítorí òtítọ́ ládùúgbò mi, tí mo lè dúró tì gẹ́gẹ́ bí Franziska ti dúró ti ọkọ rẹ̀?

Àdúrà

Ọlọ́run Baba wa, ìwọ ni ó fún Franz Alábùkún-fún ní agbára láti pa ìlérí ìrìbọmi rẹ̀ mọ́ títí dé ikú. Ṣàánú fún àwa tí ń rìn lọ síbi omi náà. Tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀rí ọkàn wa, mú ẹ̀rù kúrò lára wa, kí ohun tí ẹnu wa yóò sọ lè jẹ́ ohun tí ayé wa yóò jẹ́rìí sí. Nípasẹ̀ Kírísítì Olúwa wa. Àmín.